Ta ló sọ aládùúgbò di àjèjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu Olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Keir Starmer, ní ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, àmọ́ ariwo tó tẹ̀lé e kò mọ níwọ̀n. Lọ́jọ́ náà ló ń ṣàlàyé ìwé ètò tuntun tí ìjọba rẹ̀ gbé jáde lórí àwọn tó ń wọ ìlú láti ilẹ̀ òkèèrè. Ó ní bí kò bá sí òfin gidi lórí ọ̀rọ̀ náà, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di erékùṣù tí àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ yóò jẹ́ àjèjì sí ara wọn. Kíá ni àwọn tó mọ ìtàn pariwo pé ọ̀rọ̀ yìí jọ ti olóṣèlú kan tó ń jẹ́ Enoch Powell, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ líle sí àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Birmingham ní oṣù Kẹrin, ọdún 1968. Starmer ní òun kò ní ti Powell lọ́kàn rárá. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kẹfà, ó sọ fún ìwé ìròyìn The Observer pé òun kábàámọ̀ gidigidi pé òun lo gbólóhùn náà. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lára ni pé òun gan-an ni wọ́n ń sọ lójoojúmọ́ nínú bọ́ọ̀sì, nílé ọtí, àti lórí ìlà ní ilé ìtajà. Bí ẹ bá jókòó ti àgbà òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò ní pẹ́ tí yóò fi sọ fún yín pé ayé àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ, pé nígbà èwe òun, gbogbo ará àdúgbò ló mọ ara wọn, wọn kì í sì í ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán. Bí ẹ bá bi í pé kí ló ba nǹkan jẹ́, àwọn kan á dárúkọ àjèjì, àwọn mìíràn á dárúkọ fóònù alágbèéká, àwọn mìíràn á ní ìjọba ló jẹ̀bi.

Àmọ́ bí èèyàn bá fara balẹ̀ wo bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, yóò rí i pé òyìnbó ti ń di àjèjì sí òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé àwọn ọmọ Nàìjíríà ayé òde òní débẹ̀. Èyí tó tún wá ṣòro ni pé ìwé kan náà tí Starmer ń ṣàlàyé lọ́jọ́ yẹn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó jẹ́ pé, fún arúgbó púpọ̀, àwọn nìkan ló kù tó ń wá kan ilẹ̀kùn wọn.

Òótọ́ ni pé òyìnbó kì í ṣe ẹni tó ń wọ ilé onílé. Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo máa ń kà á sí ìgbéraga. Ó kí aládùúgbò rẹ̀ láàárọ̀, onítọ̀hún mi orí díẹ̀, ó yára kọjú sí ibòmíràn. Ó gbọ́ pé ará ilé kejì ṣòfò, ó fẹ́ lọ bá a jókòó, wọ́n ní kó má lọ, pé kó ra káàdì ìbánikẹ́dùn kó tì í bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Lójú Yorùbá, ẹni tó rí èèyàn tí kò kí i ti bú onítọ̀hún. Lójú òyìnbó, ẹni tó lọ ká èèyàn mọ́lé láìjẹ́ pé wọ́n pè é ni kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Kì í ṣe ìkórìíra o. Ọ̀nà tiwọn láti bọ̀wọ̀ fún èèyàn ni pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wọnú òfin wọn tipẹ́: nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní ọdún 1604, tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Semayne, ni wọ́n ti sọ pé ilé oníkálukú ni odi agbára rẹ̀, àti pé aṣojú ọba pàápàá gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn, kó sọ ohun tó bá wá, kó tó wọlé.

Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìṣe ẹ̀dá, Kate Fox, kọ ìwé lórí àwọn èèyàn tirẹ̀ ní ọdún 2004, ó pè é ní Watching the English. Nígbà tó ń ṣe ìwádìí, ńṣe ló ń mọ̀ọ́mọ̀ kọlu àwọn èèyàn ní ìgboro kó lè ka iye àwọn tí yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun tó kọlù wọ́n, wọn kò sì kéré. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tí òyìnbó fẹ́ràn láti máa sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò tàbí ti oòrùn. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ń ṣí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tí wọn kò mọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò rí i pé òyìnbó tó ní “òtútù òní yìí mà pọ̀ o” kò jìnnà sí Yorùbá tó ní “ẹ kú òtútù”. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Yorùbá lè sọ tirẹ̀ níbikíbi, ṣùgbọ́n òyìnbó ní láti wà níbi tí àṣà ti gbà á láyè.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kì í wọ ilé onílé gbọ́dọ̀ ní ojúde kan tí yóò ti máa bá èèyàn pàdé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dá wà. Òyìnbó sì ní irú ojúde bẹ́ẹ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Orí ìlà jẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wàjà ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022, nǹkan bí 250,000 èèyàn ló tò láti wo pósí rẹ̀, àwọn mìíràn dúró di ọjọ́ kejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sọ pé àwọn ti di ọ̀rẹ́ pẹ̀lú ẹni tó tò síwájú àwọn. Àmọ́ ojúde tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ilé ọtí, ìyẹn pọ́ọ̀bù.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ ẹlẹ́sìn máa ń rò pé ibi tí àwọn ọ̀mùtí ń kó jọ sí lásán ni pọ́ọ̀bù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè béèrè ọsàn níbẹ̀, kó jókòó tì í fún wákàtí méjì. Ẹni tó dúró níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí lè bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀, kò sì ní di ẹ̀ṣẹ̀. Bí èèyàn mẹ́rin bá jọ wọlé, ẹnì kan á ra ti gbogbo wọn, bó bá tán, ẹlòmíràn á ra tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí ká. Ẹni tó bá mu ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó wá yọ́ lọ kó tó kàn án, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ ládùúgbò nìyẹn, bí ẹni tó kó èésú tí kò dá a mọ́. Bí bàbá arúgbó kan kò bá yọjú fún ọjọ́ méjì, ẹni tó ń ta ọtí ló máa kọ́kọ́ béèrè rẹ̀.

Ní ọdún 2000, nǹkan bí 60,000 ilé ọtí ló wà ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi di ọdún 2024, wọ́n ti dín sí nǹkan bí 45,000. Bí ẹ bá béèrè ohun tó fà á, kò sí òyìnbó tí kò ní ìdáhùn. Àwọn kan ní òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nínú ilé mọ́ ló pa wọ́n, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Scotland ní oṣù Kẹta, ọdún 2006, tó sì kan England ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 2007. Ọwọ́ òfin náà kò mọ́ pátápátá nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ẹni tó bá gbé gbogbo ẹrù lé e lórí kò ṣe òtítọ́, nítorí ó gba àwọn tó ń ta ọtí lọ́wọ́ èéfín tí wọ́n ń fà símú ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Ọtí tó wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kò wọ́n tó ti pọ́ọ̀bù, èèyàn lè rà á kó lọ mu ún nílé níwájú tẹlifíṣọ̀n. Owó orí àti owó iná mànàmáná ń gun òkè. Ilẹ̀ tí ilé ọtí kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè mú owó wá ju ọtí tí wọ́n ń tà nínú rẹ̀ lọ bí wọ́n bá wó o tí wọ́n fi kọ́ ilé gbígbé. Àrùn Kòrónà tún wá dé, ìjọba ní kí gbogbo wọn tì ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹta, ọdún 2020, àwọn kan ò sì ṣí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kò tán síbẹ̀. Láti ọdún 2015, ẹ̀ka báǹkì tó ti kógbá wọlé níbẹ̀ ti lé ní 6,000. Ní ọdún 2023, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin fẹ́ ti èyí tó pọ̀ jù nínú nǹkan bí 1,000 ibi tí èèyàn ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún èèyàn. Àwọn ará ìlú kọ̀wé tó lé ní 700,000 láti fi ta kò ó, ìjọba sì fagi lé e ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún náà. Àwọn afọ́jú àti àwọn aláàbọ̀ ara ló ṣáájú ìjà náà, ìdí tí wọ́n fi jà sì hàn kedere. Ṣùgbọ́n àwọn tó lè fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì láàárín ìṣẹ́jú kan náà kọ̀wé. Ó jọ pé kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń gbèjà. Lóṣù tó tẹ̀lé e, ilé ìtajà Booths tó wà ní àríwá England kéde pé òun yóò yọ ẹ̀rọ tí oníbàárà fi ń ṣírò ọjà fúnra rẹ̀ kúrò nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù òun, kí èèyàn lè máa gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Inú àwọn àgbà dùn sí i gan-an ni.

Ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ló tiẹ̀ burú jù. Ní abúlé òyìnbó, ẹni tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ ló mọ ẹni tó ṣàìsàn, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò kọ̀wé, ẹni tí kò tíì wá gba owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn èèyàn wọ̀nyí gan-an ni kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Horizon purọ́ mọ́ láàárín ọdún 1999 sí 2015, tó ní owó dín lọ́wọ́ wọn. Èyí tó lé ní 900 nínú wọn ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, àwọn mìíràn lọ sẹ́wọ̀n, kó tó di pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣòfin ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, láti pa ìdájọ́ wọn rẹ́. Àwọn ará abúlé tó ti mọ̀ wọ́n láti ogún ọdún gba ẹ̀rọ gbọ́ ju èèyàn lọ.

Èèyàn lè rí i nínú oúnjẹ ọ̀sán pàápàá. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2024, Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative, sọ fún ìwé ìròyìn The Spectator pé òun kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn sandwich, pé búrẹ́dì yẹn kì í ṣe oúnjẹ gidi, òun ò sì ní fọwọ́ kan búrẹ́dì tó bá ti rin. Ó ní ọ̀lẹ ló ń dìde lọ jẹun ọ̀sán, pé òun máa ń jẹun níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì Olóòtú ìjọba dáhùn pé ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn ni sandwich. Gbogbo ìlú fi ọ̀sẹ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yẹn, ẹni tó béèrè pé ta ni òyìnbó ń bá jẹun ọ̀sán kò pọ̀. Láti ọdún 1980 tí Marks & Spencer ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta sandwich tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá ni jíjẹ oúnjẹ ọ̀sán lójú kọ̀ǹpútà, láìsí ẹnìkejì, ti ń di ohun gbogbo òṣìṣẹ́. Olórí ẹgbẹ́ òṣèlú tó kórìíra búrẹ́dì náà àti akọ̀wé kékeré tó fẹ́ràn rẹ̀, àwọn méjèèjì ló ń dá jẹun.

Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé nínú ilé mẹ́wàá ní England àti Wales, mẹ́ta ló jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó ń dá gbé kì í ṣe aláìléèyàn, ọ̀pọ̀ ló sì wù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá yíwọ́, a kì í tètè mọ̀.

Ní oṣù Kìíní, ọdún 2006, ní Wood Green, àríwá Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òṣìṣẹ́ fi agbára ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan tí owó ilé rẹ̀ ti dá sílẹ̀. Egungun obìnrin kan ni wọ́n bá lórí ìjókòó. Láti oṣù Kejìlá, ọdún 2003, ló ti kú, ẹni ọdún 38 ni. Tẹlifíṣọ̀n ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀bùn Kérésìmesì tó fẹ́ fún àwọn èèyàn rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òyìnbó sunkún nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n ṣe fíìmù lórí rẹ̀ ní ọdún 2011, wọ́n ní irú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ó tún ṣẹlẹ̀, ní Peckham ni. Gbogbo Yorùbá tó bá ti dé Lọ́ńdọ̀nù ló mọ Peckham, níbi tí èèyàn ti lè ra gààrí, ata rodo àti ṣàkì láìsọ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ní oṣù Kejì, ọdún 2022, ọjọ́ tí ìjì ńlá jà, ni àwọn ọlọ́pàá wọ ilé obìnrin kan tó ń dá gbé, wọ́n sì bá òkú rẹ̀ tó ti di egungun. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti kú láti nǹkan bí oṣù Kẹjọ, ọdún 2019. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti fi ẹjọ́ òórùn sùn lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí kò san owó ilé mọ́, onílé tọ àwọn tó ń san owó ìrànwọ́ ìjọba lọ, owó obìnrin náà sì ń bọ́ sápò onílé tààrà, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ti kú. Nígbà tí kò ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó fẹ́ yẹ gáàsì wò, wọ́n gé gáàsì náà. Àwọn ọlọ́pàá tiẹ̀ ti débẹ̀ lọ́dún 2020, ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ onílé lẹ́yìn náà sì ni pé ara obìnrin náà le.

Ẹ tún un wò. Kò sí ọ́fíìsì kan nínú wọn tí kò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ìwé. Wọ́n gba owó, wọ́n gé gáàsì, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì. Àjèjì wo ni èèyàn máa wá di èyí rù? Ohun tó pa àdúgbò yẹn lára ni pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀, funfun àti dúdú, ti gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnìkejì ẹni ti di ti ọ́fíìsì, àti pé ẹni tó bá ti pe nọ́ńbà tó yẹ kó pè ti ṣe tirẹ̀.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dibọ́n pé àwọn kò rí i. Jo Cox, aṣòfin obìnrin kan, ló kọ́kọ́ kó àwọn èèyàn jọ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó dá wà, àmọ́ kò parí rẹ̀ tí agbawèrèmẹ́sìn olóṣèlú kan fi pa á ní Birstall ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà, ọdún 2016. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a parí iṣẹ́ náà, wọ́n sì sọ ní ọdún 2017 pé èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ni ìdánìkanwà ń bá fínra nígbà gbogbo tàbí lọ́pọ̀ ìgbà. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2018, Theresa May tó jẹ́ Olóòtú ìjọba nígbà náà yan Tracey Crouch ní mínísítà tí yóò máa rí sí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìlú kan ní mínísítà fún àìléèyàn. Kò yẹ ní ohun ìrẹ́rìn-ín. Lára ètò tí wọ́n ṣe lọ́dún náà ni pé kí àwọn tó ń pín lẹ́tà ní Liverpool, New Malden àti Whitby máa kan ilẹ̀kùn àwọn arúgbó láti béèrè àlàáfíà wọn. Dókítà ń kọ ọ́ fún aláìsàn pé kó lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin tàbí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin òdòdó. Ní Burnham-on-Sea, ní ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kọ ọ́ sára àga ìjókòó kan létí òkun pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kò kọ̀ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀.

Àwọn ohun dáadáa ni, wọ́n sì ran àwọn kan lọ́wọ́. Àmọ́ ọwọ́ kan náà tí ìjọba fi ń gbé àga kalẹ̀ létí òkun ló fi ń gé owó àwọn ibi tí àwọn èèyàn ti ń pàdé tẹ́lẹ̀, ilé ìkàwé àti ilé àwọn ọ̀dọ́.

Ta ló wá kù tó ń wọlé tọ àwọn arúgbó? Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ni, èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ ń pè ní “kíà”. Ní oṣù Kejì, ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà físà sílẹ̀ fún wọn nítorí pé àwọn ọmọ onílùú kò fẹ́ ṣe é mọ́ ní iye owó tó wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó pọ̀ jù tó gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó ti ṣe tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ báǹkì nílé ló ń jí ní aago márùn-ún ìdájí, tó ń wọ bọ́ọ̀sì nínú òtútù, tó ń lọ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn. Ó ń wẹ̀ fún un, ó ń fún un ní oògùn, ó ń se tíì. Nígbà mìíràn, ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n fún un nílé kan. Láti ọdún 2015 ni àjọ NICE, tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ìlera, ti sọ pé kò yẹ kí irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ dín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gba owó fún àkókò tí wọ́n ń lò lójú ọ̀nà.

Bàbá òyìnbó ẹni ọdún 85 náà á ní kí obìnrin yìí máa pe òun ní orúkọ òun gan-an. Ẹnu obìnrin náà kò gbà á, ó ń pè é ní “Papa”. Àwọn méjèèjì á jọ rẹ́rìn-ín sí i, ìṣẹ́jú kan á sì ti lọ nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà tí bàbá náà bá tún gbọ́ ohùn èèyàn, ó lè di ìrọ̀lẹ́, ó sì lè jẹ́ ọmọ Nàìjíríà mìíràn ló máa wọlé.

Ní ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà ń jà, gbogbo òyìnbó ló ń jáde sí ẹnu ọ̀nà wọn ní aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, láti pàtẹ́wọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti olùtọ́jú. Àwọn kan níbẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọjọ́ náà ni àwọn kọ́kọ́ rí ojú aládùúgbò àwọn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2024, òfin tuntun ní olùtọ́jú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti òkèèrè kò gbọ́dọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ rẹ̀ dání mọ́. Ìyẹn ni pé, ẹni tí yóò wá lé ìdánìkanwà kúrò nílé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Ó yẹ kí a gbọ́ ẹnu àwọn onílùú náà. Iye àwọn tó wọlé ju àwọn tó jáde lọ lé ní 900,000 láàárín ọdún kan ní 2023. Kò sí ìlú tí irú rẹ̀ kò ní kọ lóminú, pàápàá níbi tí ilé gbígbé ti wọ́n, tí àyè dókítà sì ṣòro rí. Òyìnbó tó bá rí i pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù òpópónà òun ti yí èdè padà, kì í ṣe gbogbo wọn ni ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Bákan náà, jìbìtì wà nínú físà kíà: àwọn aṣojú gba owó ńlá lọ́wọ́ èèyàn ní Lékọ̀ọ́ àti Ìbàdàn, nígbà tí onítọ̀hún dé, kò sí iṣẹ́. Ó yẹ kí ìjọba fọwọ́ mú àwọn wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n àjèjì kọ́ ló ti pọ́ọ̀bù, òun kọ́ ló kó báǹkì kúrò lábúlé, òun kọ́ ló sì fi ẹ̀rọ rọ́pò èèyàn níbi tí wọ́n ti ń sanwó. Ní ọ̀pọ̀ òpópónà, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó ṣì ṣí títí di òru, tí ẹni tó ń tajà níbẹ̀ sì mọ orúkọ oníbàárà rẹ̀, ti ẹni tó wá láti òkèèrè ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá fúnra wọn. Àwọn ìyá tó ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun fún ọmọ wọn, tí físà àbẹ̀wò gbà láyè fún oṣù mẹ́fà, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ àti àna á jáde lọ síbi iṣẹ́, ìyá á kù pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ àti tẹlifíṣọ̀n, kò ní rí ẹni tí yóò kí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn kan a máa ka ọjọ́ tí wọ́n á padà bí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n. Àwọn tó lọ kàwé níbẹ̀ ní bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn pẹ̀lú èrò pé àwọn máa padà, tí wọn kò padà mọ́, ti di arúgbó ní Hackney àti Peckham báyìí, àwọn ọmọ wọn sì ti ra ilé sí Kent tàbí Milton Keynes. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ń ṣe gudugudu méje lórí ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ ọjọ́ kan péré nìyẹn nínú méje. Àwọn ọmọ náà, tí wọ́n bí síbẹ̀, ti kọ́ ẹ̀kọ́ odi agbára yẹn dójú àmì. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn bá fẹ́ wá, kó kọ́kọ́ pè.

Ní ọjọ́ 22, oṣù Keje, ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọ̀nà físà kíà mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ láti òkèèrè. Àwọn tó ti wà nílẹ̀ náà ní títí di ọjọ́ 22, oṣù Keje, ọdún 2028, láti bọ́ sórí irú físà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, ìjọba tún gbé àbá jáde pé kí olùtọ́jú lo ọdún 15, dípò 5, kó tó lè béèrè fún ìwé ìgbélùú títí láé. Ọjọ́ mẹ́fà péré sì ni lẹ́yìn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn físà náà, ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, ọdún 2025, ni àṣẹ tuntun bẹ̀rẹ̀ tó gba ilé-iṣẹ́ Royal Mail láyè láti má ṣe pín lẹ́tà onípò kejì ní ọjọ́ Sátidé mọ́, kó sì máa fo ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ kó tó tún gbé e wá.